Bàbá oní-dífù ní Géètì, Ìbàdàn: ọjọ́ mẹ́sàn-án, eyín 41 àti eyín 10

Ọjọ́ Ajé ni mo gbé Hilux mi fún wọn, wọ́n ní kí n padà wá gbé e ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó gbé e jáde. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ń kánjú má bàa dá mi lẹ́bi. Yàtọ̀ sí èyí àti ohun kan sí i tí n óò sọ nísàlẹ̀, rere ni gbogbo ẹnu mi nípa ṣọ́ọ̀bù yìí, mo sì ní ẹ̀rí.

N kò ní dárúkọ bàbá náà. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ mí pé kí n má gbé orúkọ àwọn káàkiri, pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó àwọn àti ọmọ iṣẹ́ méjì tí àwọn ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Géètì, ẹ béèrè bàbá tó ń ṣe dífù nìkan, ìyẹn irin eléyín tó wà nídìí ọkọ̀, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Wọn kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, wọn kì í fọwọ́ kan bíréèkì. Ẹni kejì tàbí ẹni kẹta tí ẹ bá bi yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Mo fi ọdún 27 kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kí n tó fẹ̀yìntì. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń dá báyìí ní ẹ̀yìn Àrámọkọ-Èkìtì, ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ni mo sì ń kó o lọ. Hilux fóò-wíìlì àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló ń bá mi ṣe é. 22R ni ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, 2366 cc, oníkábúrétọ̀, bẹntiróòlù ló ń mu. Ó sìn mí tọkàntọkàn títí agbára rẹ̀ fi tán. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì rí i pé èmi ni mò ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilé epo ló ń kórè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló bá mi rí 1KZ-TE, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Toyota onítọ́bò, 2982 cc, láti ara Hilux Surf, jíìpù Toyota, òun àti jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀. Iwájú Surf náà nìkan ló wọlé. Wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti tú dífù iwájú rẹ̀ tà fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe gbé ẹ́ńjìnnì náà jókòó kò gùn láti sọ: mẹkáníìkì mi jó ìjókòó tuntun mọ́ ṣáṣí, oníwáyà lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, a fi rédíétọ̀ tó tóbi sí i, ó sì jí. Ìdí ọkọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú dífù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Irin eléyín méjì ló ń jẹ ara wọn níbẹ̀. Kékeré, píníọ́ọ̀nù, ni pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ti ara jíàbọ́ọ̀sì wá, ń yí. Ńlá, kíráùnù, ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ ka eyín ńlá, ẹ ka eyín kékeré, ẹ fi kékeré pín ńlá. Tèmi jẹ́ 41 àti 9, ìyẹn 4.556. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ yí ìgbà mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà yìí bá ga, ọkọ̀ á lágbára láti fa ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á máa sáré nínú ara rẹ̀. Bó bá kéré, ẹ́ńjìnnì á yí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù á wúwo sí i lọ́rùn.

Kò dìgbà tí ẹ bá tú dífù kí ẹ tó mọ nọ́ńbà rẹ̀. Nínú ọgbà mi ni mo ti ṣe é. Mo ti òkúta sí táyà iwájú méjèèjì, mo tú háńdì-bíréèkì sílẹ̀, mo fi jíà sí òfo, dérébà mi sì fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà náà, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí pùròpẹ́là. Ó fi ọwọ́ yí táyà ní ẹ̀ẹ̀mejì géérégé, èmi dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mò ń ka pùròpẹ́là. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ti táyà nítorí pé ẹsẹ̀ kejì wà nílẹ̀ tí kò yí. Pùròpẹ́là yí mẹ́rin, ó sì kọjá ààbọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá tú dífù náà lẹ́yìn-ò-rẹyìn tí mo ka eyín 41 àti 9, inú mi dùn bí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ẹ̀yìn ìwé mu.

Ẹ́ńjìnnì 22R fẹ́ràn kó máa sáré. Ó gbọ́dọ̀ yí kọjá 4,500 ní ìṣẹ́jú kan kó tó kó gbogbo agbára rẹ̀ jáde. Ti 1KZ yàtọ̀ pátápátá. Ní bíi 2,000 ló ti ń fà jù lọ, nígbà tó bá sì fi máa dé 3,600, agbára rẹ̀ ti parí. Dífù tí wọ́n ṣe fún èkíní kò lè bá èkejì lára mu. Pẹ̀lú 4.556 nídìí rẹ̀, bí a bá ń lọ ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan nínú jíà karùn-ún, RPM mi, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, á wà ní 2,835. Kò ní fọ́, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa nínú ọkọ̀, epo sì ń lọ lásán. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n pààrọ̀ dífù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èwo ni kí n wá pààrọ̀ rẹ̀ sí? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ọkùnrin kan ní ọjà kan tí n kò ní dárúkọ ló tà á fún mi. Ó ní, “Mọ̀mí, ṣebí dísẹ́ẹ̀lì lẹ fi sí i? Nọ́ńbà tó kéré jù ni kí ẹ gbà. Bó bá ṣe kéré tó ni epo yín á ṣe pẹ́ tó.” Ó gbé 3.727 fún mi, 41 àti 11, ₦210,000. Kò béèrè ẹrù tí mò ń rù. Kò béèrè ọ̀nà tí mò ń gbà. Kò wo táyà. Ó rí i pé fóò-wíìlì ni ọkọ̀ náà, síbẹ̀ ti ẹ̀yìn nìkan ló tà fún mi, kò sì sọ nǹkan kan nípa iwájú. Èmi náà tí mo mọ ìṣirò, mo san owó, mo sì dúpẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jìyà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó ń lọ bí omi. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti wà lẹ́yìn, tó tó kílò ẹgbẹ̀rún kan ó lé, jíà karùn-ún kò wúlò mọ́. Ní 80, RPM kò pé 1,900. Ẹ́ńjìnnì á máa kérora, dérébà á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní sí ohun tó máa yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lo jíà kẹrin dé Ìbàdàn, tí epo tí wọ́n ní yóò pẹ́ sì ń tán ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ni òkè Èfọ̀n. Ẹni tó bá ti gba Àrámọkọ gun òkè lọ sí Èfọ̀n-Alààyè pẹ̀lú ẹrù mọ ohun tí mò ń sọ. Abẹ́rẹ́ tó ń fi gbígbóná ẹ́ńjìnnì hàn máa ń kúrò ní àárín, á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ojú mi kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ 1KZ mọ̀ pé tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ kì í fara da ooru. Bó bá gbóná ju ti ẹ̀ lọ, á sán, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Bí a bá tún dé orí òkè tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtawure, ẹ́ńjìnnì kì í di ọkọ̀ mú mọ́. Nọ́ńbà kékeré yẹn ti tú u sílẹ̀. Bíréèkì nìkan ló ń dá a dúró, òórùn rẹ̀ á sì kún inú ọkọ̀.

Ọjọ́ tí òjò rọ̀ ní oko ni gbogbo rẹ̀ wá yọrí. Dérébà fi fóò-wíìlì sí i láti jáde nínú ẹrẹ̀. Iwájú ṣì jẹ́ 4.556, ẹ̀yìn ti di 3.727. Nígbà tí pùròpẹ́là méjèèjì bá so pọ̀ tí wọ́n sì ń yí bákan náà, táyà iwájú fẹ́ lọ díẹ̀, táyà ẹ̀yìn fẹ́ lọ púpọ̀, kò sì sí èyí tó máa gbà fún èkejì. Nínú ẹrẹ̀, táyà lè yọ̀, ara á tù wọ́n. Gbàrà tí a gun ilẹ̀ líle, sítíárì le bí igi, ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbọ́ “gbà!” lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kúrọ́ọ̀sì, oríkèé pùròpẹ́là iwájú, ti fọ́ sí méjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ìdajì rẹ̀ ló pọ́n kí a tó gbé e dé ọjà.

Mẹkáníìkì mi ló wá sọ pé, “Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá bàbá kan ní Géètì.”

Mo ti rò pé wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn ò wo ọkọ̀ rárá. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún dérébà mi ní bẹ́ǹṣì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè. Kí ni à ń rù? Ó tó kílò mélòó? Ọ̀nà wo ni à ń gbà, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ẹrẹ̀ ńkọ́? Jíàbọ́ọ̀sì wo ló bá ẹ́ńjìnnì wá? Wọ́n wá béèrè eré tí à ń sá lójú títì.

Mo ní, “Bàbá, 100 ni.”

Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n yíjú sí dérébà. “Ìwọ lò ń wà á. Mélòó?”

Ọmọ náà wò mí, ó wo ilẹ̀. “Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, Bàbá, 80 ni. A kì í kọjá 80.”

Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ 80 gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan nípa dífù kí n tó débẹ̀, 100 ni gbogbo ìṣirò mi dá lé, nítorí pé 100 ló wà lórí ahọ́n gbogbo èèyàn. Eré tí ọkọ̀ mi ń sá ní òótọ́, pẹ̀lú ẹrù mi, ní ọ̀nà mi, kò sí ẹni tó tíì bi mí, n kò sì bi ara mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ táyà. 235/75R15 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti ṣí ẹnu láti sọ bó ṣe gùn tó yíká, nítorí mo ti ṣe é nílé, 2.30 mítà. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ di àpò yanrìn mẹ́jọ sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìsàlẹ̀ táyà àti sí ilẹ̀ tó kàn án, a ti ọkọ̀ náà títí ìlà ara táyà fi padà kan ilẹ̀, wọ́n sì na tépù. 2.25 mítà. Ẹrù ti tẹ táyà náà, kò sì gùn tó ohun tí ìwé sọ mọ́.

Èmi ni wọ́n wá gbé ṣọ́ọ̀kì fún, nígbà tí dérébà mi ti sọ fún wọn pé tíṣà ni mí. Ojú ilẹ̀kùn náà ni mo ti ṣe é. 80 kìlómítà ní wákàtí kan jẹ́ mítà 1,333 ní ìṣẹ́jú kan. Pín in sí 2.25, táyà ń yí ní ìgbà 593. Jíà karùn-ún mi jẹ́ 0.84, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 0.84 kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan; ó di 498. Ohun tó kù ni kí n fi nọ́ńbà dífù kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́jà sọ ọ́ di púpọ̀. 4.556 fún mi ní 2,269. 4.300 fún mi ní 2,141. 4.100 fún mi ní 2,042. 3.909 fún mi ní 1,947. 3.727 tí wọ́n tà fún mi, 1,856.

Bàbá na ìka sí 2,042. “Ìyá, ẹ́ńjìnnì yìí, 2,000 ni ilé rẹ̀. Ẹ má lé e kúrò nílé.”

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí kò fi ní jẹ́ 3.909, tí òun náà kò jìnnà sí 2,000. Wọ́n ní ìdí méjì ni. Òkè Èfọ̀n kò ní bá mi sọ̀rọ̀ 80; níbẹ̀, mo nílò nǹkan díẹ̀ lé. Ìkejì, fóò-wíìlì ni ọkọ̀ mi, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, 4.100 ni wọ́n sì mọ̀ pé àwọn lè rí méjì rẹ̀ lọ́jà láàárín ọjọ́ méjì. 3.909, wọ́n ní n óò rí ti ẹ̀yìn, n óò sì wá ti iwájú títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò fi so ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yìí gan-an. Ẹni tó mọ ìṣirò nìkan kò lè fún mi nírú rẹ̀.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ ka eyín fúnra rẹ̀ kó tó sanwó. Wọ́n gbé dífù ẹ̀yìn tí wọ́n rà dé síwájú wa, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun eyín àkọ́kọ́, wọ́n fún dérébà mi ní tọ́ọ̀ṣì. Ó kà á di 40. Bàbá ní kó tún un kà. Ó di 41. Èmi náà kà á, mo fi ìka kan eyín kọ̀ọ̀kan, girísì dé ọrùn ọwọ́ mi: 41. Píníọ́ọ̀nù, 10. Wọ́n wá fi nọ́ńbà kan hàn mí tí wọ́n fín sára kíráùnù pẹ̀lú òmíràn tí wọ́n fín sára píníọ́ọ̀nù. Bákan náà ni méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n, Bàbá sọ, wọ́n ti jọ lọ ara wọn láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá mú ti ọkọ̀ kan mọ́ ti ọkọ̀ mìíràn, igbe ni dífù náà á máa ké títí á fi jẹ ara rẹ̀ tán. Ti iwájú náà, a ka 41 àti 10.

Dífù iwájú dára bó ṣe wà, wọn kò tú u. Ti ẹ̀yìn ni bẹ́ríìnì rẹ̀ ti ń jẹ, òun ló sì jẹ́ kí ọjọ́ pọ̀, nítorí ẹni tó bá pààrọ̀ bẹ́ríìnì gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti iṣẹ́ yìí fún ọ̀sán kan. Bàbá po ọ̀dà funfun mọ́ òróró díẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí eyín kíráùnù márùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ kan fi igi di kíráùnù díẹ̀ kó má bàa yọ̀ geere, èkejì yí píníọ́ọ̀nù lọ, ó yí i bọ̀. Wọ́n tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tí eyín kékeré ti fara kan eyín ńlá, ọ̀dà ti nù kúrò, ó fi àmì bí èékánná ọmọdé sílẹ̀. Àmì náà wà lókè ní orí eyín. Wọ́n ní píníọ́ọ̀nù jìnnà. Wọ́n tú u, wọ́n pààrọ̀ ṣíìmù, òrùka irin tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀, sí èyí tó nípọn díẹ̀, wọ́n tò ó padà, wọ́n kùn ún, wọ́n yí i. Àmì náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, àmì náà jókòó sí àárín gbùngbùn eyín, ó sì rọra tẹ̀ sí ìhà inú. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn pe ọmọ iṣẹ́ kékeré pé kó wá wò ó, kó lè mọ bó ṣe ń rí.

Lẹ́yìn èyí ni dáyà gééjì, láti wọn ààyè tó wà láàárín eyín méjì. 0.13 sí 0.18 mílímítà ni Toyota fẹ́. Tiwa dúró sí 0.15.

Ọmọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, Tacoma, ọkọ̀ akẹ́rù Toyota, ló gùn wá. Ó ti yọ táyà tó ga ní íńṣì 31 kúrò, ó ti fi ti íńṣì 33 sí i, ó wá ń ṣàròyé pé ẹ́ńjìnnì òun ti rẹ̀. 4.100 ló wà nídìí rẹ̀. Bàbá ní, “Ẹ́ńjìnnì ẹ kò ṣe nǹkan kan. Táyà ńlá yẹn ti jẹ nínú dífù ẹ.” Mo bá a ṣe é: 4.100 lọ́nà 31 pín 33, 3.85. Bí ẹni pé wọ́n jí dífù rẹ̀ pààrọ̀ lóru. Kó tó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó nílò bíi 4.36, èyí tó sì sún mọ́ ọn jù lọ́jà ni 4.300. Ọmọ náà lọ ronú. Wọn kò fi ipá ta ohunkóhun fún un.

Owó tí mo san rèé. Dífù ẹ̀yìn ₦260,000, ti iwájú ₦230,000, bẹ́ríìnì ₦48,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦85,000. Wọ́n gba 3.727 mi lọ́wọ́ mi ní ₦120,000 láti fi dín in kù. Ó ku ₦503,000 tí mo san ní ẹ̀ẹ̀mejì, òróró dífù sì wà lọ́tọ̀. Kò pọ́n mi lójú. Ohun tí 3.727 ná mi tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú kúrọ́ọ̀sì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ló ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀sùn mi méjì nìyí. Ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, òkú ni wọ́n lọ sin ní Ìwó, fóònù wọn kò sì lọ. N kò bínú sí òkú sísin, ṣùgbọ́n ìpè kan ṣoṣo kì bá ti jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ èrò láti Àrámọkọ lásán. Ìkejì ni gééjì eré. Nígbà tí 4.556 wà nídìí ọkọ̀, gééjì mi bá eré tí fóònù ń fi hàn mu. Yíyí pùròpẹ́là ni gééjì ń kà, kì í ka ti táyà. Láti ìgbà 3.727 ni dérébà mi ti fi gééjì sílẹ̀ tó ń wo fóònù. Báyìí, 4.100 pín 4.556, ó di 0.90: bí ọkọ̀ bá ń sá 100 ní tòótọ́, 90 ni gééjì ń sọ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ń rọra lọ. Mo sọ fún Bàbá pé ó yẹ kí wọ́n máa kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà dífù níbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ oníjíàbọ́ọ̀sì nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, mo ní kì í ṣe iṣẹ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ìrìn àjò márùn-ún ni mo ti kọ sílẹ̀ láti ìgbà náà, Àrámọkọ sí Bódìjà àti àbọ̀, ẹrù kan náà. Nígbà 3.727, lítà 52 ni mò ń rà. Báyìí, 46 ni, ìgbà kan sì wà tó jẹ́ 45. Nọ́ńbà tó tóbi ló dín epo kù fún mi, nítorí pé jíà karùn-ún ti padà di jíà. Ní 80, abẹ́rẹ́ RPM máa ń dúró lókè 2,000 díẹ̀, bó ṣe wà lójú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ní òkè Èfọ̀n, jíà kẹta ni dérébà ń lò, abẹ́rẹ́ gbígbóná kò kúrò ní àárín láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ń wò ó ṣá. Ní ìsọ̀kalẹ̀ sí Ìtawure, ó máa ń yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo, ẹ́ńjìnnì á sì di ọkọ̀ náà mú fúnra rẹ̀, òórùn bíréèkì ti dópin. A ti wọ ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú fóò-wíìlì. Kò sí “gbà”, sítíárì ń yí bó ṣe yẹ.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé fún kìlómítà 800 àkọ́kọ́, kí n má di ẹrù kún un, kí n má sì sá eré gígùn láìsinmi, kí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò lè mọ ara wọn, kí n sì padà wá ní 1,000 láti da òróró àkọ́kọ́ nù. Mo padà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bàbá fúnra wọn ló tú bóòtù ìsàlẹ̀. Wọ́n da òróró náà sínú àwo funfun, wọ́n gbé e síta sójú oòrùn, wọ́n ki ìka méjì bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi pa ara wọn. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi. Wọ́n fi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, èmi náà fi ìka pa á: ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí àtíkè, kò sí hóró irin kankan nínú rẹ̀. Wọ́n da tuntun sí i, owó òróró nìkan ni wọ́n gbà. Bí mo ṣe ń jáde, mo rí i pé ìṣirò mi ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ti kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, lẹ́tà gàdàgbà: BÉÈRÈ GÉÈJÌ ERÉ.